Bùọ̀dá Gbémiga àti Àwọn Tó Ń Sùn Lọ́sàn-án

Tẹ́ ẹ bá dé Lótò ní Mowé, tẹ́ ẹ ní Gbémiga lẹ ń wá, wọ́n lè kàn máa wò yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní "Bùọ̀dá Gíríìsì", ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan míì mọ́. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá bi á mú yín débẹ̀, á tún máa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ilé wa ni wọ́n dé sí nígbà tí wọ́n ti òkè òkun dé, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún wọn, torí náà ẹnu mi ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ fi àwọn aládùúgbò wa sílẹ̀ jàre, iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i.

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni Bùọ̀dá kọ́, ní Akúte, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Ọ̀ṣun. Èmi ò tíì wọlé ọkọ rárá nígbà tí wọ́n jáde nílùú. Wọ́n ní Ítálì làwọn ń lọ. Ibi tí omi gbé wọn jù sí ni wọ́n dúró sí: abúlé kékeré kan ní Gíríìsì, lórí ilẹ̀ tí òkun yí ká. Erékùṣù ni Bíbélì ń pe irú ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún àwọn ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì wa pé erékùṣù Gíríìsì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà, ṣe ni wọ́n ń pariwo, "Bíi ti Jòhánù ní Pátímò! Á ti máa rí ìran!" Mo ní àmín. Mi ò sọ fún wọn pé ògiri ló ń rí.

Ògiri náà ni o. Gbogbo ilé abúlé yẹn, funfun ni wọ́n ń kùn ún, ọdọọdún, kí ọdún Àjíǹde tó dé. Atẹ́gùn òkun á bà á jẹ́, wọ́n á tún un kùn. Bùọ̀dá kùn ún, wọ́n kùn ún, wọ́n kùn ún. Tí ooru bá mú, tí àwọn òyìnbó tó wá gbafẹ́ bá kún ibẹ̀, wọ́n á máa bá wọn ru àpótí gun òkè, torí mọ́tò ò lè wọ àárín abúlé, àtẹ̀gùn òkúta ló wà níbi gbogbo. Opó arúgbó kan ló fún wọn ní yàrá tí wọ́n ń sùn. "Abúlé ni," Bùọ̀dá máa ń sọ, "ṣùgbọ́n abúlé tó mọ ara ẹ̀."

Ìjọba ò lé wọn kúrò níbẹ̀ o. Ìyẹn gan-an ló ń dun àwọn èèyàn. Opó yẹn ló kú, Bùọ̀dá ní kò sẹ́ni tí àwọn á tún máa kí láàárọ̀ mọ́, ilé ti tó lọ. Dádì Tolú, ìyẹn Olúgbádé ọkọ mi, lọ yá bọ́ọ̀sì ńlá nítorí ẹrù tó ń bọ̀. A dúró sí ẹ́apọ́ọ̀tù, Bùọ̀dá jáde pẹ̀lú báàgì kan. Báàgì kan ṣoṣo! Gálọ́ọ̀nù òróró ólífì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé àti ṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Gbogbo wa jókòó káàkiri inú bọ́ọ̀sì yẹn, kálukú gba àga tirẹ̀, bí ẹni ń ti ibi ìsìnkú bọ̀.

Onílé wa, Dádì Jésùtófúnmi, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òróró ólífì dé láti ilẹ̀ tí àwọn àpọ́sítélì rìn, wọ́n gbé ìgò òfìfo wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Bùọ̀dá bu díẹ̀ sí i fún ìsìn ìtasórí. Wọ́n bá Bùọ̀dá ní kíṣìn mi.

"Gbémiga! Kí lò ń fi dín ẹyin yẹn?"

"Òróró tí mo mú bọ̀ ni, sà."

"Òróró ìtasórí! O fi òróró ìtasórí dín ẹyin!"

"Ẹ mú búrẹ́dì, Dádì, kó tó tutù."

Dádì Jésùtófúnmi wo ẹyin yẹn títí. Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n lára pé agbára wà nínú ẹ̀.

Báàgì Bùọ̀dá ò kún, orí wọn ló kún, ìwà abúlé Gíríìsì ló kún ibẹ̀. Gbogbo ọ̀dọ́ tó ń wá fíísà ní Mowé àti Ìbàfò ló ń wá sí pálọ̀ wa láti gba ìmọ̀ràn. Wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà wọ ìlú òyìnbó. Bùọ̀dá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bùọ̀dá, ṣé wọ́n máa ń béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn?"

"Wọ́n á béèrè. Ṣùgbọ́n ṣé o ti kí wọn? Ìwọ lo wá bá wọn lábúlé, ìwọ lo máa kọ́kọ́ kí. Kí gbogbo ẹni tó jókòó síwájú ilé. Má yan ẹni tó o máa kí."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Má tíì béèrè iṣẹ́! Wọ́n á fi ṣíbí bu èso tí wọ́n fi ṣúgà sè fún ọ, wọ́n á gbé omi tútù tì í. Jẹ ẹ́. Tó o bá ní o ò jẹ, o ti bú wọn nílé wọn. Tí wọ́n bá pè ọ́ wá jẹun lọ́jọ́ kejì, má lọ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n má fún wọn lówó, ìwọ̀sí ni. Bo èjìká rẹ kó o tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tó o bá fẹ́ ya fọ́tò arúgbó, kọ́kọ́ tọrọ àyè. Má sì la ìka ọwọ́ márààrún sí ẹnikẹ́ni lójú."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀?"

"Èébú gidi ni níbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! A jẹ́ pé ìbátan wa ni wọ́n."

Ọmọ náà á dìde, á dúpẹ́, á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó mọ ọ̀nà fíísà.

Ṣùgbọ́n olórí gbogbo òfin yẹn ni oorun ọ̀sán. Bùọ̀dá ní tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán ní abúlé yẹn, wọ́n á pa fèrèsé dé, gbogbo ìlú á sùn, àtolówó àti tálákà, títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Bùọ̀dá wá gbé òfin yìí wá sí Lótò. Lótò! Ibi tí ẹni tó ń ta káàsẹ́ẹ̀tì ti ń bá ẹni tó ń fi gbohùngbohùn wàásù du ojú ọ̀nà. Tó bá ti di ọ̀sán, Bùọ̀dá á bọ́ bàtà sọ́wọ́, á máa yọ́ rìn nínú kọ́rídọ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Tolúwalọpẹ́ nígbà náà, ìyá ọmọ tuntun, ẹ má tíì dá mi lóhùn: mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Èmi nìkan ni.

Níwájú ilé wa, Ọmọ́táyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ síbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ìbógùn, ó pupa, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bùọ̀dá sọdá lọ bá a.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dá maṣíìnì yẹn dúró ná? Àwọn èèyàn ń sùn."

"Ta ló ń sùn? Gbogbo ẹni tó sùn ní Mowé nísinsìnyí, àìsàn ló ń ṣe é."

"Kó rọlẹ̀ díẹ̀ ni mò ń wí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa fi eyín rán an ni?"

Mo wà lójú fèrèsé, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á. Nígbà tó yá, mo rí i pé Ọmọ́táyọ̀ kì í ránṣọ lọ́sàn-án mọ́. Mo tún wò ó dáadáa, Bùọ̀dá náà kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Àwọn méjèèjì ló ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà jí àwọn tó ń sùn.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Bùọ̀dá ti lé ní ogójì ọdún, wọn ò tíì níyàwó rí, àwọn sì ni àkọ́bí. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún àwọn wúńdíá tó ń wá ọkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì Jésùtófúnmi máa ń ki orúkọ Bùọ̀dá bọ̀ ọ́. Ọmọ́táyọ̀ sì là á mọ́lẹ̀ lójú mi: "Mo fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló tọ́ mi, láti ìgbà tí mọ̀ọ́mì mi ti kú. Tí Ìyá Àgbà bá ní rárá, mi ò ní gba ẹ̀yìn wọn fẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wá sí abúlé wa, kí Ìyá Àgbà fojú kàn wọ́n. Ìyá Àgbà kì í wo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì o."

Ìyẹn ni pé ìgbà kan ṣoṣo tí Bùọ̀dá máa lọ yìí ló máa sọ bóyá wọ́n á níyàwó tàbí wọn ò ní ní. Bùọ̀dá bá kó wa jọ sí pálọ̀, wọ́n ní àwọn máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wọ abúlé.

Ọkọ mi ò lè pa á mọ́ra. "Bùọ̀dá, Ìbógùn kọ́ ni Gíríìsì o. Àwọn ọmọ yunifásítì ló kún ibẹ̀."

"Ṣé arúgbó wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Bùọ̀dá!"

"Abúlé ni abúlé, Gbádé."

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Àwa mẹ́rin ló wà nínú Gọ́ọ̀fù ọkọ mi: òun, èmi tí mo gbé Tolúwalọpẹ́ lẹ́sẹ̀, Bùọ̀dá tó wọ bùbá funfun bí ògiri, àti Dádì Jésùtófúnmi tó jẹ́ baba fún wa lọ́jọ́ náà, torí àwọn òbí ọkọ mi ti kú. Ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ dá Dádì dúró, a ò tètè jáde nílé. Nígbà tá a fi máa kọjá Ifọ̀, tá a máa ya sí ọ̀nà eléruku tó lọ sí abúlé yẹn, oòrùn ti wà ní àtàrí. Abúlé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́nì kan níta, àfi ẹ̀rọ ìlọta kan tó ń dún lọ́ọ̀ọ́kán.

"Gbádé, dúró. Pa iná mọ́tò."

"Bùọ̀dá, a ti pẹ́ o! Wọ́n ti ń retí wa."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Wọ́n ti retí wa tán, wọ́n ti jẹun, wọ́n ń sùn. Ṣé o rí ẹnì kankan níta?"

"Ẹ̀rọ wo ló wá ń dún yẹn?"

"Aláìmọ̀wàáhù kan ò ní ṣàì sí lábúlé."

Wọ́n ní ká lọ dúró sábẹ́ igi kaṣú tó wà lẹ́nu àbáwọ abúlé títí oòrùn á fi rọ̀. Wọ́n ní ká pa fóònù wa. A pa á. Ẹ má bi mí ìdí tá a fi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn ni, ìyàwó wọn ni wọ́n ń wá, ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ pé mo mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? Ẹni tó ti gbé ìlú òyìnbó, àfi ká máa tẹ̀ lé e.

A jókòó. Iṣu wà nínú búùtù, ọ̀pẹ̀yìnbó wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀. Dádì Jésùtófúnmi ń wo búùtù bí ẹni ń wo ilẹ̀ ìlérí. "Gbémiga, ṣé àwọn Gíríìkì yìí ò ní òfin kankan nípa ebi?" Bùọ̀dá fi ìka sẹ́nu pé kí wọ́n rọra.

Ìyá kan tó ru igi ń bọ̀ láti oko. Ó kí wa: "Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé kò sí nǹkan?"

Bùọ̀dá dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, wọ́n wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Kò sí nǹkan o, ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a wà níbí."

Ìyá yẹn wo wá. Ó wo mọ́tò tá a gbé wọnú igbó díẹ̀. Ó ní ó dáa. Ìrìn tó rìn kúrò níbẹ̀, ẹni tó ru igi kì í rìn bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ nínú eruku, ó gbé bàtà dání, gèlè ti fẹ́ já lórí ẹ̀. Ọmọ́táyọ̀ ni, òun ti ṣáájú wa lọ sílé.

"Ẹ wà níbí? Ẹ wà níbí lóòótọ́? Mo pè yín, mo pè yín, kò sí fóònù ẹnì kankan tó wọlé! Mo ti rò pé ẹ ti kú sójú ọ̀nà!"

"Táyọ̀, rọra," Bùọ̀dá ní, "jẹ́ kí wọ́n jí ná."

"Kí ta ni jí?"

"Àwọn ará ilé yín. Ṣebí wọ́n ń sùn."

Ọmọ́táyọ̀ wò wọ́n bí ẹni tó ń ka nǹkan lójú wọn. "Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wọṣọ jókòó sínú pálọ̀. Kò sẹ́ni tó jáde, kí aṣọ má baà dọ̀tí. Ìyá onígi wá sọ fún wọn pé àwọn àna ti dé, wọ́n fara pamọ́ sínú igbó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bàbá Ògúnbọ̀dé ti bọ́ agbádá wọn o! Wọ́n ní ẹ wá yọjú wo ilé wa, kò wù yín ni."

Bùọ̀dá fò dìde. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwa tá à ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wa.

Bàbá Ògúnbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n baba Ọmọ́táyọ̀ ni wọ́n, àwọn ni olórí ẹbí. A bá wọn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì níwájú ilé, agbádá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ká a dáadáa bí aṣọ ẹni tó kú. Àwọn obìnrin ilé dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú gbogbo ìpara ojú wọn.

Dádì Jésùtófúnmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ẹni iyì."

"Ẹ má kí wa kúulé," Bàbá Ògúnbọ̀dé ní. "Ẹ kí wa kú ìdúró. Ẹ̀yin ará Mowé, a dúpẹ́. Ẹ ti wò wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ti rí wa. Kí ẹ máa gbé iṣu yín padà lọ."

Bùọ̀dá nà gbalaja sínú eruku pẹ̀lú bùbá funfun yẹn. "Bàbá, ẹ̀bi tèmi ni. Kì í ṣe ti àwọn tó bá mi wá. Mo rò pé ẹ ń sùn ni."

"O ní à ń kín?"

"Mo rò pé ẹ ń sùn, sà. Oorun ọ̀sán."

Àwọn ará ilé wo ara wọn lójú. Obìnrin kan lẹ́yìn wá ní, "Níbo ló ti wá tí wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án? Ọsibítù?"

"Ṣé o gbọ́ ara ẹ?" Bàbá Ògúnbọ̀dé dìde. "Oko ni bàbá mi fi bí mi. Oko ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ. O jókòó sábẹ́ igi, o ń rò ó pé ọ̀lẹ ni ẹbí àna rẹ, pé ọ̀sán gangan, ọjọ́ tá a fẹ́ mọ ọkọ ọmọ wa, à ń hanrun! Àwa ò fi ọmọ fún ẹni tó pè wá lọ́lẹ."

Ọmọ́táyọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí omi kànga. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá kan, kò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Inú yàrá yẹn ni ohùn kan ti wá:

"Ògúnbọ̀dé! Ta ló ní kí wọ́n jẹ́ kí n sùn?"

Ìyá Àgbà ni, ọmọ ilé kan ti sáré lọ sọ ọ́ sí wọn létí. Àbẹ̀bí lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́, gbogbo ẹni tó lè pè é ti kú tán. Wọ́n ní kí ẹni yẹn wọlé. Bùọ̀dá wọlé, mo yọ́ tẹ̀ lé wọn, ṣebí mo gbọ́dọ̀ fi ọmọ han arúgbó. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, Bùọ̀dá dọ̀bálẹ̀. Bí a ṣe wọlé ni mo rí i pé igbe lèèyàn gbọ́dọ̀ máa ké kí wọ́n tó gbọ́ ọ nínú yàrá yẹn, torí ẹ̀yìn fèrèsé gan-an ni ẹ̀rọ ìlọta yẹn wà. Ibùsùn ń gbọ̀n. Eyín inú ife omi ń gbọ̀n.

"Níbi tó o ti wá," Ìyá Àgbà pariwo, "àwọn arúgbó wọn ń sùn lọ́sàn-án?"

"Wọ́n ń sùn, mà!"

"Wọn ò pè wọ́n lọ́lẹ?"

"Wọn ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀, mà! Ẹni tó bá jí wọn ni wọ́n ń bú!"

Ìyá Àgbà mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ọ̀run. "Àwọn tèmi ní bí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ikú ló ń bọ̀. Ṣó o gbọ́ ohun tó ń dún yìí? Mùíbì ni. Ibí la bí i sí. Àtọdún tó ti gbé ẹ̀rọ ẹ̀ síbí, mi ò fojú ba oorun ọ̀sán. Ògúnbọ̀dé lọ bú u, ó ń dún. Wọ́n gbé baálẹ̀ wá, ó ń dún. Kín ni wọ́n ń kọ́ yín ní ìlú yẹn tó dára tó báyìí? Lọ jẹ́ kó dákẹ́, kó o wá máa mú Táyọ̀ lọ. Bí kò bá dákẹ́, máa lọ síbi tí wọ́n ti ń sùn."

Ó di ọ̀dọ̀ Mùíbì. Gbogbo ilé tẹ̀ lé Bùọ̀dá. Bàbá Ògúnbọ̀dé gan-an tẹ̀ lé e pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tó sàn ju baálẹ̀ lọ. Mo wo Bùọ̀dá, òógùn ti mú eruku ojú wọn di ẹrẹ̀.

Mùíbì ò ju ọkùnrin kúkúrú kan lọ, epo dísẹ́lì ti kùn ún lára, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata tó ń lọ̀. Àwọn obìnrin to abọ́ kalẹ̀ níwájú ẹ̀ títí dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó rí gbogbo wa, ó gbé àyà sókè.

"Ẹ tún ti dé! Ẹ máa bú mi lọ, mò ń gbọ́!"

Bùọ̀dá kí i. Wọ́n kí àwọn obìnrin tó mú ata wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fo ẹnì kankan. Wọ́n wá da garawa kan dé, wọ́n jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùíbì, wọn ò sọ nǹkan kan. Mùíbì ń lọ ata, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Nígbà tó pẹ́, ìtìjú mú un, ó bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n bi í nípa ìyàwó ẹ̀. Wọ́n bi í nípa oko pákí ẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ẹ̀yìn ń ro ó.

"Sọ fún un kí n gbọ́!" Bàbá Ògúnbọ̀dé ní. Ọkọ mi ń gbọn orí lẹ́yìn, ó ní ó ti tán, ká lọ wá mọ́tò wa.

Mùíbì ló rẹ̀ níkẹyìn. "Ẹ̀gbọ́n, kín lẹ bá wá gan-an?"

"Mo wá kí ọ ni. Mo rí i pé ó rẹ̀ ọ́."

Mùíbì dúró. Ó wo Bùọ̀dá, ó wo gbogbo wa. Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí nǹkan lẹ́nu ẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí! Ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n! Àfẹ̀mọ́jú ni mo ti ń dúró níbí! Wọ́n á wá bú mi pé mò ń pariwo, ìyàwó wọn á tún gbé ata wá lẹ́yìn wọn! Bàbá Ògúnbọ̀dé bú mi lánàá, ata tiwọn nìyẹn, abọ́ búlúù yẹn! Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé, 'Mùíbì, ṣé o sùn?'"

Gbogbo ojú yí sí abọ́ búlúù. Bàbá Ògúnbọ̀dé wo òkè bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa sùn lọ́sàn-án?" Bùọ̀dá bi í.

"Ta ni kò fẹ́? Tí mo bá tì í, wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù."

"Tó bá jẹ́ Ìyá Àgbà ló pa á láṣẹ ńkọ́? Ta ló máa pe Ìyá Àgbà ní agbéraga? Máa lọ̀ ọ́ láàárọ̀, máa lọ̀ ọ́ lálẹ́. Ọ̀sán, kó o tì í. Kó o ní àṣẹ Ìyá Àgbà ni."

Mùíbì na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ pé ariwo yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tó dá. Mo gbọ́ ẹyẹ. Mo gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ilé kejì.

Obìnrin kan tó ṣì dúró tòun ti abọ́ ní, "Ata tèmi ńkọ́?"

"Ata ẹ náà ń sùn," Mùíbì ní, ó tilẹ̀kùn.

A sáré padà lọ sọ fún Ìyá Àgbà. Ọmọ́táyọ̀ ló ṣáájú, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró gbagidi. Ìyá Àgbà ti sùn. Ẹnu wọn là díẹ̀, ọwọ́ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń sùn bíi Tolúwalọpẹ́ mi gan-an.

"Wọn ò tíì sọ pé àwọn gbà," ọkọ mi ní.

"Wọ́n ti sọ ọ́," Bàbá Ògúnbọ̀dé dáhùn kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní bó bá dákẹ́, kó máa mú un lọ. Ṣé ìwọ ló fẹ́ jí wọn kó o tún lọ bi wọ́n?"

Bàbá Ògúnbọ̀dé gbé agbádá wọn wọ̀. Ibẹ̀ la ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dádì Jésùtófúnmi, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbàdúrà ní Lótò, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ìbàfò, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ètè lásán gbàdúrà, iṣan ọrùn wọn yọ, òógùn bò wọ́n. A ṣe àmín pẹ̀lú orí. A gbé iṣu wọlé bí ẹni ń gbé ẹyin. Wọ́n bi Ọmọ́táyọ̀ bóyá ó mọ ọkùnrin yìí, ṣé ká gba ohun tó mú wá. Ó di ẹnu mú, ẹ̀rín ń pa á, omi ń dà lójú ẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bùọ̀dá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọn ò sì tètè dìde. Mo rò pé ẹkún ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.

Àwọn obìnrin fẹ́ kọrin, Bàbá Ògúnbọ̀dé gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ tó ti ń dúró láti àárọ̀ jáde, Dádì Jésùtófúnmi ti na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jẹun o, ẹ̀yin àna wa," Bàbá Ògúnbọ̀dé sọ sí wa létí lọ́kọ̀ọ̀kan, "ẹ jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ṣíbí ẹnikẹ́ni má kan àwo."